Eyín Titanium: Ọdún Mélòó Ni Yóò Lò Lẹ́nu?

 

Ọ̀rọ̀ eyín la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa, bí kò ṣe èyí tí dókítà ń gbìn sínú egungun àgbọ̀n nígbà tí ti Ọlọ́run bá ti jáde tán. Ìdí tí a fi gbé e wá kò jìnnà. Láàárín ọdún díẹ̀ sí àsìkò yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìpàdé ọmọ ìbílẹ̀ tí a lọ, ì báà jẹ́ ti ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ti ọmọ Ọ̀ffà tàbí ti ọmọ Ìlọrin, tí ẹnì kan kò ní fà wá sẹ́yìn kó béèrè pé, ṣé lóòótọ́ ni pé irin yẹn kì í jáde mọ́ títí ayé? Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújà àti lókè òkun ló ń sanwó rẹ̀ fún bàbá àti ìyá wọn. Owó náà kì í sì í ṣe owó ata.

Màmá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń ta aṣọ. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wọn bò. Ní ọdún 2016, ọmọ wọn obìnrin bímọ l'Ékòó, màmá sì wọ mọ́tò lọ wẹ ọmọ, bí ìyá gbogbo ṣe ń ṣe. Ibẹ̀ ni ọmọ ti rí i pé apá kan ẹnu ni ìyá òun fi ń jẹun, nítorí pé eyín ńlá méjì tí wọ́n fi ń rún oúnjẹ ní apá òsì ti lọ. Ó mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan. Wọ́n gbin irin titanium méjì fún wọn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, màmá padà lọ síbẹ̀, wọ́n fi eyín funfun báláú lé irin náà lórí. Bí màmá ṣe dé Jos, gbogbo ọjà ló gbọ́. Wọ́n jẹ kílíṣì, wọ́n jẹ àgbàdo sísun, wọ́n fọ́ egungun adìyẹ, wọ́n ní àwọn ti padà di ọmọge.

Lẹ́yìn ọdún méje, ọ̀kan nínú eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Èkejì kò mì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Kò dùn wọ́n, nítorí náà wọn kò tètè lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wọ́n ni pé irú irin wo ni wọ́n fi síbẹ̀. Màmá ní titanium ni. Dókítà ní òun mọ̀ pé titanium ni, pé ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é, báwo sì ni ó ṣe tóbi tó? Màmá kò mọ̀. Wọ́n pe nọ́ńbà ilé ìwòsàn Èkó yẹn, kò lọ. Ọmọ wọn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, àwọn tó ń ta fóònù ló bá níbẹ̀.

A ó padà sórí ọ̀rọ̀ màmá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí eyín yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé inú ìtàn rẹ̀ ni ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń béèrè wà.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe dókítà eyín rárá. Per-Ingvar Brånemark ni orúkọ rẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden. Ohun tí ó ń wádìí ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun tí egungun tó ṣẹ́ fi ń jinná. Ní ọdún 1952, ní Yunifásítì Lund, ó ki ohun èlò kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe bọ inú egungun ẹsẹ̀ ehoro, kó lè máa fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó fẹ́ yọ ọ́ kó tún fi ṣiṣẹ́ lára ehoro mìíràn, torí ohun èlò olówó iyebíye ni. Ó fà á títí, kò jáde. Egungun ti dì mọ́ irin bí ẹni pé wọ́n jọ wáyé ni.

Ohun tó fà á ni pé titanium kì í dípẹtà. Kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bo ojú rẹ̀, awọ yìí kì í jẹ́ kí omi ara bá irin jà, ara náà kì í sì í kà á sí àlejò. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú wa yìí yóò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kùsà àti rélùwéè ló fa ọ̀pọ̀ bàbá wa wá sórí òkè yìí, yálà láti ṣòwò tàbí láti ṣe iṣẹ́ oṣù. Nínú iyanrìn dúdú tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣa tín kúrò, òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilmenite. Láti inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ titanium. Àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ tẹ ìyá eyín yìí mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Brånemark gbin eyín fún ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, ní ìlú Gothenburg, ní ọdún 1965. Wọ́n bí ọkùnrin yìí tòun ti àléébù ní àgbọ̀n àti àjà ẹnu, kò sì ní eyín ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Jíjẹun nira fún un, ọ̀rọ̀ sísọ náà sì nira. Wọ́n gbin irin mẹ́rin sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n de eyín mọ́ ọn. Larsson kú ní ọdún 2006, irin náà wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ó ti lé ní 40 ọdún tó ti ń fi jẹun.

Ẹ má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Brånemark o. Àwọn ọ̀gá dókítà eyín ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ bú u, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ni dókítà tí kò kọ́ṣẹ́ eyín ń wá lẹ́nu ènìyàn. Kò bá wọn jà. Ó ń gbin eyín, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń pe àwọn tó gbìn ín fún padà lọ́dọọdún. Ní ọdún 1977, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde ọdún mẹ́wàá jáde. Ní 1981, wọ́n tẹ ti ọdún 15 jáde, irin tó lé ní 2,700 ni wọ́n kà síbẹ̀. Nígbà tó di 1982, George Zarb pe àwọn olùkọ́ ìṣègùn eyín láti Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ sí ìlú Toronto, wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú wọn. Ọjọ́ náà ni ariwo ẹ̀gàn dákẹ́. Brånemark kú ní ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 85.

Ṣùgbọ́n Larsson, ẹnì kan ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan kó àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé jọ, wọ́n wá ṣírò rẹ̀. Tí a bá gbin 100, nǹkan bíi 96 ló ṣì máa wà lẹ́nu lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 2024, àwọn mìíràn ka ti 20 ọdún. Wọ́n ní bí a bá ro ti àwọn aláìsàn tí kò padà wá mọ́ ọn, nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún ló ṣì wà. Ẹ rò ó wò. Mọ́tò wo la rà ní tuntun tí a ṣì ń gùn lẹ́yìn 20 ọdún láìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Nítorí náà, ẹni tó bá ní irin náà kì í dára, irọ́ ni. Ẹni tó bá sì ní títí ayé ni, òun náà ń parọ́. Àwa rí i pé irọ́ kejì yìí ló ń ṣe àwọn ènìyàn wa ní jàǹbá jù, nítorí pé òun ló ń mú kí wọ́n lọ sùn lé e.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú gbogbo ìṣirò tí a kà sókè yìí, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, ṣé irin ṣì wà lẹ́nu? Wọn kò béèrè pé ṣé ara rẹ̀ yá. Bàbá tó wà lórí ibùsùn láti ọdún mẹ́ta náà ṣì wà láyé. Ní Sweden kan náà tí eyín yìí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe nǹkan bíi 600 ènìyàn tí wọ́n gbin eyín fún ní ọdún 2003, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2015 àti 2016, ènìyàn bíi mẹ́jọ nínú 100 ti pàdánù irin kan, ó kéré tán. Àwọn bíi 14 tàbí 15 nínú 100 ni àrùn ti wọ ìdí eyín wọn tó sì ti ń jẹ egungun wọn gan-an. Sweden nìyẹn o, níbi tí ìjọba ti ń bá aráàlú san nínú owó ìtọ́jú eyín, tí lílọ sọ́dọ̀ dókítà eyín sì dà bí lílọ gẹrun. Ní tiwa níbí, àfi tí eyín bá lé wa lójú oorun ká tó lọ.

Kí ló wá ń pa eyín tí kì í dípẹtà? Kòkòrò kò lè jẹ irin, nítorí náà kò lè kẹ̀ bí eyín wa. Ẹran ìdí eyín tó yí i ká, tí a ń pè ní erìgì, àti egungun tó dì í mú ni ìjà wà. Bí oúnjẹ bá ń dúró síbẹ̀ tí a kò fọ̀ ọ́ kúrò, erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní ìpele yìí, fífọ̀ dáadáa lè mú un padà bọ̀ sípò. Bí a bá fi í sílẹ̀, àrùn náà á sọ̀kalẹ̀ sínú egungun, egungun á máa dín kù yí irin ká. Ẹ wo òpó irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì. Ikán kò lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gbàrá bá ń wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, ọjọ́ kan òpó náà á dùbúlẹ̀. Èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé kì í sábà dunni. Kò sí iṣan nínú irin tí yóò ké gbàjarè. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú búrọ́ọ̀ṣì, òórùn ẹnu tó yí padà, bóyá ọyún díẹ̀, ìkìlọ̀ tí a máa rí gbà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra jù ni àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò sí ní ìkáwọ́, àti àwọn tó jẹ́ pé àrùn erìgì ló yọ eyín wọn àkọ́kọ́ dànù. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kẹ́yìn yìí ni kì í yé àwọn ènìyàn wa. Àrùn tó lé onílé jáde ṣì wà nínú ilé, wọ́n tún fẹ́ gba ayálégbé tuntun síbẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tọ́jú erìgì ni. Ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn rẹ̀, tàbí tó ń lo oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí egungun wọn ń rọ, kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún dókítà. Ọjọ́ orí nìkan kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn kan a máa bi wá bóyá pákò lè tọ́jú rẹ̀. Pákò dára, àwa náà ń lò ó, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó fún eyín yìí. Ibi tí irin ti yọ láti inú erìgì ni kí a máa fọ̀ lójoojúmọ́, búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sì wà tó ń wọ àárín eyín, tí dókítà máa ń fi han ni bí a ṣe ń lò ó. Ní ti egungun àti kílíṣì tó gan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Eyín tí Ọlọ́run dá ní nǹkan kan láàárín òun àti egungun tó ń rọ̀ ọ́ lára díẹ̀ bí tìmùtìmù, tó sì ń sọ fún wa pé ó tó, a ti fi agbára jù. Irin kò ní èyí. Gbogbo agbára àgbọ̀n á lọ tààrà sórí síkúrù àti eyín funfun tó wà lókè. Síkúrù á tú, tàbí kí eyín òkè sán. Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí eyín tí wọ́n so pọ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ fi hàn pé láàárín ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in ló ní wàhálà kan tàbí òmíràn tó gba kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dà á pọ̀ mọ́ eyín góòlù tí àwọn Alhaja wa máa ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Eyín góòlù, wọ́n fi ń bo eyín tó ti wà nílẹ̀ ni. Èyí tí à ń sọ yìí, gbòǹgbò ni wọ́n gbìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbí nìyí. Àwa là ń gbé níhìn-ín tí ẹbí wà lọ́hùn-ún. A lè gbin eyín l'Ékòó, ká lọ gbé e jẹun ní Jos, ká fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kí a sì kó e lọ sí Ọ̀ffà. Ṣùgbọ́n irin yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀ káàkiri ayé, síkúrù ti ẹnì kan kì í sábà wọ irin ẹlòmíràn, ohun tí wọ́n fi ń tú u náà sì yàtọ̀ síra, bí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Dókítà tó mọṣẹ́ dáadáa lè jókòó síwájú yín kó má lè ṣe ohunkóhun, nítorí pé kò ní kọ́kọ́rọ́ náà. Páálí tí irin kọ̀ọ̀kan ń bá wá máa ń ní bébà kékeré kan tó ṣeé ṣí lẹ̀, tí orúkọ ilé iṣẹ́, ìwọ̀n irin àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè fún un. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á, kí ẹ sì gba fọ́tò X-ray àkọ́kọ́ mọ́ ọn, nítorí pé òun ni dókítà mìíràn máa fi mọ̀ lọ́jọ́ iwájú bóyá egungun ti lọ sílẹ̀.

Tí ẹnì kan bá sì bi àwa léèrè pé, ìyá mi wà ní abúlé tí kò sí dókítà eyín nítòsí, àtọ̀gbẹ wọn ń lọ sókè sódò, ṣé kí n gbin eyín fún wọn? Ìdáhùn wa ni pé kí ó fi owó náà tọ́jú àtọ̀gbẹ, kó sì ra eyín àtọwọ́dá tí à ń bọ̀ tí à ń yọ fún wọn. Kò lágbára tó eyín titanium, egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì máa joro díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dá, a lè mú un lọ ṣe, kò sì ní kó àrùn sínú egungun. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023, tí ó sì jẹ́ pé òkè òkun ni irin náà ti ń wá, ìyàtọ̀ owó wọn ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ jókòó rò.

Màmá wa ńkọ́? Dókítà ya fọ́tò X-ray àgbọ̀n wọn, ó wo ìrísí irin náà, ó ní ó jọ ti ilé iṣẹ́ méjì kan ṣùgbọ́n kò dá òun lójú. Ọmọ wọn tú gbogbo ilé l'Ékòó wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló rántí kádì àjẹsára ọmọ tó bí lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Ó ṣí i, ó bá bébà kékeré méjì níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kádì, nítorí pé òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ó tó oṣù kan ààbọ̀ kí síkúrù tuntun àti ohun tí wọ́n fi ń dì í tó dé.

Eyín tó ń mì yẹn, síkúrù òkè nìkan ló tú. Egungun ìdí rẹ̀ le koko. Wọ́n pààrọ̀ síkúrù, iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan, màmá sì ń fi jẹun títí di òní. Èkejì tí kò mì, tí kò dun wọ́n, òun ni àrùn wà nínú rẹ̀. Egungun tó lọ níbẹ̀ ti ju ìdajì lọ. Dókítà ṣí erìgì, ó fọ ìdí irin, wọ́n dúró wò ó, kò gbà. Ní ọdún 2024, wọ́n yọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín ní 2016, màmá kò jẹ́ kí dókítà kankan wò ó rí, torí wọ́n ti sọ fún wọn l'Ékòó pé ó ti parí, kí wọ́n máa jẹun lọ.

Nísinsìnyí, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń lọ. Kádì àjẹsára náà ti wà lọ́wọ́ wọn ní Jos. Ọmọ tó ni ín ti ń lọ sí ilé ìwé, kò sì mọ ìdí tí ìyá àgbà fi kó kádì òun sínú àpótí tí rìsíìtì ilẹ̀ wọn wà.